Iye Ọmọ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni kẹta tó wà láàárín yín tí ojú wa kò tíì rí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ńkọ́, ṣé ó ti fà díẹ̀? Olúwa yóò gbọ́ ti gbogbo wa, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní di ẹrù sí ọ lórí, ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ ọ yóò rí ẹlòmíràn jágbe mọ́, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ yóò sì bọ́ sí ọ̀sán tí gbogbo nọ́ọ̀sì ti jẹun yó. Àmín. Bàbá rẹ náà ṣe àmín. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà, èmi ni mo bá wọn ṣe é.

Kí n tó gbàgbé, fọ́ọ̀mù tí mo kọ tí mo fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí inú ọsibítù yín lóṣù tó kọjá, irọ́ kan wà nínú rẹ̀. Nítorí ohun tí mo kọ síbẹ̀, wọn kò ní yẹ ọmọ inú rẹ wò bí wọ́n bá bí i, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Sọ fún wọn kí wọ́n má tíì kó fáìlì rẹ pa mọ́. N óò ṣàlàyé rẹ̀ bí mo bá ṣe ń kọ lẹ́tà yìí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé, torí pé ọ̀rọ̀ náà wúwo, mo sì fẹ́ rọra gbé e.

O lè ní kí ló dé tí n kò pè ọ́. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ní o ti jẹun, mo ní ó dáa, mo sì pa fóònù. Ìgbà tó ṣe kẹrin, mo pe nọ́ńbà ilé ìwádìí tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Obìnrin kan gbé e, ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní kí n tẹ ọ̀kan, tàbí kí n tẹ èjì. Mo ní n kò wá tẹ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ni mo wá sọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo sọ fún un pé ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ kì í gbọ́ ti ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, mo sì ṣàdúrà ọkọ rere fún un kí owó fóònù mi tó tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà. Dírẹ́bà tó ń gbé pákó wá sọ́dọ̀ yín ló mú un wá, má fún un lówó, mo ti rán ṣòkòtò rẹ̀ méjì.

Ilé wà. Òrùlé yàrá tí o ń sùn tẹ́lẹ̀ ń jò, bàbá rẹ ní àwọn yóò gun òkè lọ tún un ṣe, mo ní bíríkìlà tó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún kò ní nǹkan tó ń wá lórí páànù. Wọ́n ti gbé àkàbà ti ògiri. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ra àga kan tó ń yí, àwọn èèyàn wá ń lọ gé irun tí kò tíì hù. Ṣọ́ọ̀bù mi ń lọ déédéé, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń rán lọ́wọ́ báyìí, máṣíìnì mi nìkan ló ń ké bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn.

Fọ́tò ọmọ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé ọwọ́ mi. Mo wò ó títí, n kò rí ju òjò àti èéfín lọ. Mo rò pé iná ló lọ nígbà tí wọ́n ń yà á. Mo mú un lọ bá onífọ́tò tó wà ní ìkóríta, ó yí fóònù náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní dígí kámẹ́rà wọn ló dọ̀tí, pé òun náà kì í sì í ya ẹni tí kò bá jókòó dáadáa. Mo ní ọmọ náà kò ní àga níbi tó wà. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, èyí tí mo máa ń rán aṣọ iṣẹ́ fún, òun ló padà fi ìka tọ́ka orí ọmọ náà hàn mí, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí, ó sì fi ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé ọkùnrin ni hàn mí. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà n kò lè jẹun alẹ́.

Ó dára, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà rèé. Nígbà tí páálí ilé ìwádìí dé, mo ka ìwé tó wà lókè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àwọn ń wádìí àwọn àrùn tó ń mú ọmọ láti inú oyún, àti àwọn tó ń mú ọmọ wẹ́wẹ́, pé àwọn fẹ́ gbọ́ ìtàn ẹbí lẹ́nu ìyá àwọn aláboyún, kí àwọn lè mọ ohun tó bá ń rìn láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ. Wọ́n ní bí ìtàn náà bá fi nǹkan hàn, àwọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i gan-an. Mo ní iṣẹ́ gidi nìyí, mo sì gbóríyìn fún wọn lọ́kàn ara mi.

Wọ́n fi ìgò kékeré kan sínú páálí náà, wọ́n ní kí n tutọ́ sí i títí dé ibi tí ìlà wà. Ojú tì mí díẹ̀. Èèyàn kì í tutọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní bí ó bá jẹ́ pé ohun tí dókítà ń fẹ́ nìyẹn, èyí tó mọ́ ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n má jẹun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ kan gbáko. Mo bá omi díẹ̀ nínú ìdérí ìgò, mo rò pé ẹni tó fọ̀ ọ́ ni kò nù ún gbẹ, mo dà á nù, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀, mo sá a sóòrùn, mo fi aṣọ funfun nù ún, kí wọ́n má baà sọ pé ilé onídọ̀tí ni wọ́n ti bí ọ. Nọ́ọ̀sì ti wá là mí lójú pé oògùn ni omi yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí itọ́ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ohun tí mo fi ránṣẹ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi ní ìgò mìíràn, n kò ní fọ̀ ọ́.

Fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ojú ìwé mẹ́jọ. Níbi tí wọ́n to orúkọ àìsàn sí pé kí n sàmì sí èyí tó bá wà nínú ẹbí wa, mo kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìkẹtàdínlógún, ọwọ́ ń ro mí, mo bá ń kọ "bíi ti òkè". Wọ́n tún ní àwọn kò ní lo orúkọ mi, nọ́ńbà ni àwọn yóò fún mi, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé èmi ni. N kò fẹ́ kí nọ́ńbà mi lọ dàpọ̀ mọ́ ti ẹlẹ́nu rírùn kan, mo bá kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo kọ ti bàbá rẹ, mo sì ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ilé wa wà.

Ìbéèrè kọkànlá ni irọ́ náà wà. Wọ́n ní, ọmọ mélòó lẹ ti bí? Mélòó ló kú? Ọkùnrin ni tàbí obìnrin, oṣù mélòó ni wọ́n? Mo kọ: ọ̀kan. Mo kọ: kò sí. Tí o bá rí ìwé náà, ibẹ̀ ni ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti gún jù.

O pè mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, o ní àwọn dókítà ti ka ìtàn ẹbí rẹ, pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wá lára ọmọ rẹ, wọ́n ti fi fáìlì rẹ sọ́dọ̀ àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀. O ń rẹ́rìn-ín. Mo ní a dúpẹ́. Mo pa fóònù, mo sì jókòó sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn àjákù aṣọ títí oníbàárà fi dé.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni nọ́ọ̀sì wá wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Mo ti fi pínnì mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò sì lè lọ síbì kankan, mo bá ní oníbàárà mi kan ló bẹ̀ mí kí n bá òun béèrè nǹkan. Mo ní oníbàárà náà bí ọmọkùnrin méjì nígbà kan, wọ́n sanra, wọ́n ń dún bí ọmọ gidi, ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kẹrin wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, egbò funfun á kún ẹnu wọn, wọ́n á máa yàgbẹ́ gbuuru, kò sí oògùn tó ràn án, kò sì sí èyí tó pé oṣù mẹ́jọ nínú wọn. Ó bi mí bóyá oníbàárà náà ní ọmọbìnrin. Mo ní ó ní ọ̀kan, ara rẹ̀ le bí òkúta. Ó bi mí bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lóbìnrin. Mo ní ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti di olóògbé, òun náà sì sin ọmọkùnrin kan ní kékeré. Lẹ́yìn náà ó ní, ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ọmọbìnrin oníbàárà yín yìí, ṣé kò tíì lóyún? Mo ní oyún náà ti wọ oṣù keje. Kò bi mí ní orúkọ oníbàárà náà. Ó kàn jókòó tì mí pẹ̀lú gbogbo pínnì lára.

Ọmọ mi, èmi ni oníbàárà náà. Ṣáájú rẹ, mo bí ọkùnrin méjì, mo sì sin méjèèjì.

Èkíní, Àgbà ni a ń pè é, torí pé ojú rẹ̀ rí bíi ti bàbá arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Èkejì ni Ẹlẹ́rìn-ín. Òun kò ju oṣù méjì lọ tó ti ń rẹ́rìn-ín sí máṣíìnì mi, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ̀ ẹ́, òun á máa rẹ́rìn-ín. Ìlú tí bàbá rẹ ti ń bá wọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà ni a wà. Àgbà lo oṣù mẹ́fà. Ẹlẹ́rìn-ín lo oṣù méje àti ọjọ́ mẹ́rin. A gbé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà ibẹ̀ ní ikọ́ ni, ó fún wa ní oògùn ikọ́, nígbà yẹn ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá bàbá rẹ ló wá sọ pé ọmú mi ni. Wọ́n ní ọmú mi ló ń pa ọmọ. Wọ́n fún un sínú ife, wọ́n gbé e sójú fèrèsé, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó ti kan, wọ́n gbé e yí ilé ká, wọ́n ń fi han àwọn èèyàn. Mílíìkì wo ni kì í kan bí ó bá sun ojú fèrèsé? Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ti kú lọ́wọ́ mi, n kò ní ẹnu tí mo fi lè béèrè. Nígbà tí mo bí ọ, n kò jẹ́ kí ẹnu rẹ kan ọmú mi rárá, mílíìkì agolo ni mo fi ṣíbí fún ọ, mo ń fi aṣọ di àyà mi lọ́jà títí ó fi gbẹ. O sì yè. Gbogbo wọn ní àbí ẹ rí i. Èmi náà ní mo rí i. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi mọ̀ pé èmi ni mo pa àwọn ọmọ mi, tí mo sì ń rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí o ra mílíìkì agolo sílẹ̀ kí o má sì fi ọmú dá ara rẹ láàmú. Ìwọ rò pé ìyá rẹ ti di aláṣejù. Má tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mi mọ́ lórí ìyẹn, bi dókítà, ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o ṣe.

Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ọmú. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní nínú ara èèyàn àwọn olùṣọ́ kan wà tó ń lé àìsàn síta, ọmọ mìíràn sì wà tí wọ́n bí láìsí olùṣọ́ kankan lára. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn olùṣọ́ tí ìyá fún un nínú oyún ló ń ràn án lọ́wọ́. Bí àwọn yẹn bá ti lọ, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn, ikọ́ lásán tí ọmọ ẹlòmíràn ń fi ṣeré lè gbé e lọ. Ó ní irú èyí tí òun ń fura sí, ìyá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin láìmọ̀. Kì í mú ìyá fúnra rẹ̀, kì í sì í sábà mú ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin lè gbé e sára dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tirẹ̀. Kódà bí o bá mu ọmú mi tẹ́rùn nígbà náà, o kò ní kú. Mo ní kó kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ fún mi, pé kì í ṣe ọmú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ọjọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i. Mo ti kà á tó ogún ìgbà. Ìyá bàbá rẹ ti kú, Ọlọ́run lè ti dárí jì wọ́n, èmi ṣì ń rò ó.

Ó ní òun kò fi ojú rí àwọn ọmọ mi, òun kò lè búra pé ohun tó ṣe wọ́n nìyẹn, ilé ìwádìí yín ló ní ẹ̀rọ tó lè mọ̀. Ìwọ lè gbé e sára, o lè má gbé e. Bí o bá tilẹ̀ gbé e, ọmọ rẹ lè gbà á, ó sì lè má gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ kó tó di pé ikọ́ kankan dé, ọ̀nà wà. Wọ́n á gbé e sí yàrá tó mọ́, wọ́n á dá àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan dúró fún un ná, wọ́n á sì wá ẹni tí mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kí wọ́n fi gbin olùṣọ́ tuntun sí i lára. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ṣe é fún, tí wọ́n ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Bí wọn kò bá mọ̀, wọ́n á fún un ní oògùn ikọ́.

Ó fẹ́ pe ilé ìwádìí lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ọmọ mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó ní òun fún mi títí di ọ̀la tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, bí mo kọ lẹ́tà bí n kò kọ ọ́, òun á pè.

Bàbá rẹ ló wá kù nígbà náà tí n kò tíì sọ fún. Àwọn ló ní kí á má sọ ọ́ mọ́. Nígbà tí o pé oṣù mẹ́wàá tí o ń rá kiri, wọ́n kó wa kúrò nílùú yẹn, wọ́n ní níbi tí a ń lọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀, kí ọmọ yìí má dàgbà sínú ẹ̀rù. Mo bá wọn pa á mọ́, n kò sì di ẹ̀bi rù wọ́n. Lánàá mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn. Wọ́n jáde, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí páànù. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí n mú bírò. Wọ́n sọ ọjọ́ tí a bí Àgbà, wọ́n sọ ọjọ́ tó lọ, wọ́n sọ ti Ẹlẹ́rìn-ín, àti pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kejì yẹn. Wọ́n bá mi tún ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá pé èmi nìkan ni mo ń rántí wọn nínú ilé yìí. Omi bọ́ lójú àwa méjèèjì, a sì jẹ ẹ̀wà tó ti tutù.

Nítorí náà, kọ ọ́ fún wọn báyìí, ìbéèrè kọkànlá: ọmọ mẹ́ta. Méjì kú, ọkùnrin ni méjèèjì, èkíní ní oṣù mẹ́fà, èkejì ní oṣù méje. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi, oṣù márùn-ún.

Mo tún fi ojú ìwé méjì kan sínú lẹ́tà yìí, mo já a láti inú ìwé ìwọ̀n mi àtijọ́. Èmi ni mo rán gbogbo aṣọ wọn, mo sì ń fi téèpù wọn àyà wọn lóṣooṣù, kì í ṣe fún nǹkan mìíràn ju aṣọ lọ. Wo ti Ẹlẹ́rìn-ín. Oṣù kìíní, íǹṣì mẹ́rìnlá ààbọ̀. Oṣù kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀. Oṣù kẹta, mẹ́rìndínlógún ààbọ̀. Oṣù kẹrin, mẹ́rìndínlógún ààbọ̀. Oṣù karùn-ún, mẹ́rìndínlógún. Oṣù kẹfà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rò pé téèpù mi ló ń fà gùn, torí pé téèpù àtijọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra téèpù tuntun. Ohun kan náà ni tuntun sọ. Nọ́ọ̀sì wo ìwé náà, ó ní àwọn dókítà yóò fẹ́ rí i gan-an. Kí wọ́n yà á ní fọ́tò kí wọ́n dá a padà fún mi, n kò ní òmíràn.

Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ mùdùnmúdùn, sọ fún wọn pé mo ní egungun. Egungun itan mi ọ̀tún ló dára jù, òun ni mo fi ń tẹ máṣíìnì láti ogójì ọdún. Ti bàbá rẹ náà wà, bí wọn kò bá já bọ́ látorí páànù kí ọjọ́ náà tó pé. Kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n, wọn kò ní láti tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ẹ̀rù ọmọ náà ń bà mí, ẹ̀rù rẹ náà sì ń bà mí, pé o lè bínú sí mi, ọmọ tí mo bí. O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìwádìí ná, lónìí, má dúró de ọkọ rẹ láti ibi iṣẹ́, kí o tó wá bínú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o pè mí. Bí mo bá tún bi ọ́ bóyá o ti jẹun, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́ sí wa, kí a lè wá tutọ́ níwájú wọn fúnra wa. Fi owó bátìrì fóònù kún un, èyí tó wà lọ́wọ́ kì í pẹ́ kú, n kò sì fẹ́ kó kú lásìkò yìí. Bí kò bá sí, a ó yá a lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, a ṣáà ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá bí i, wọ́n lè ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé tọ̀ ọ́. N kò ní wọlé. Ìta ni n óò dúró sí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń wọlé bá mi fọ ọwọ́ rẹ̀, kó fi téèpù yí àyà ọmọ náà ká lábẹ́ apá, kó má fà á le jù, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nọ́ńbà yẹn ni kí o máa fi ránṣẹ́ sí mi, ì báà jẹ́ pé o kò ráyè kí mi. Mo ti fa ìlà sí ojú ìwé kan sílẹ̀ dè é. Kí Ọlọ́run tó dá olùṣọ́ sára gbogbo wa dá a sí tirẹ̀. Kí ìkúnlẹ̀ rẹ rọrùn. Kí ọmọ náà wúkọ́ lọ́jọ́ kan bí ọmọ ẹlòmíràn, kí ilẹ̀ sì mọ́ kó ti gbàgbé. Kí àyà rẹ̀ máa gbòòrò lóṣooṣù, kó gbòòrò kọjá ti bàbá rẹ̀, títí téèpù mi kò fi ní í ká a mọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.